Bí a ṣe ń pààrọ̀ sítíárìn ọkọ̀ ojú omi asáré láti ti kébù sí ti ọ́ìlì

Lórí òkè tó wọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí kọ́nà kan kì í tíì tán tí òmíràn fi ń bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ tí sítíárìn ọkọ̀ rẹ̀ ti ní àlàfo mọ bí yóò ṣe ṣe é: á ti máa yí i kí kọ́nà tó dé, nítorí ó mọ̀ pé ọwọ́ òun yóò kọ́kọ́ rìn lásán kí táyà tó gbọ́. Títì a máa forí irú àléébù bẹ́ẹ̀ jì í fún ìgbà díẹ̀, torí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ilẹ̀ mú. Omi kì í forí jini bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi asáré tó ti kọjá máìlì 50 láàárín wákàtí kan ti gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀ sókè. Ìwọ̀nba ìdí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó gbé pòpẹ́là ló ṣì kan omi. Bí àlàfo tó tó ìka kan bá wà lórí sítíárìn nígbà náà, ọkọ̀ á fì sọ́tùn-ún, awakọ̀ á yí i padà, ìdáhùn á pẹ́ kó tó dé, ọkọ̀ á wá fì sósì ju bó ṣe yẹ lọ, àtúnṣe kọ̀ọ̀kan á sì máa fi kún fífì náà títí tí ọkọ̀ yóò fi fẹ́ dojú dé. Nítorí náà, àlàfo ni à ń lé jáde nínú iṣẹ́ yìí. Bí ọwọ́ bá wá fúyẹ́ sí i, èrè orí èrè ni.

Apẹja tó ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ onígi lórí adágún ìsédò ní Ìkùn-Èkìtì kò mọ ohun tó ń jẹ́ àlàfo, torí igi kan ṣoṣo ló wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ àti omi. Ìgbà tí sítíárìn bá wà níwájú, tí ẹ́ńjìnnì sì wà ní ìdí ọkọ̀, ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Ohun tó so wọ́n pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké ni kébù. Bí awakọ̀ ṣe ń yí sítíárìn, jíà kan lẹ́yìn rẹ̀ ń ti wáyà irin tó wà nínú rọ́bà, tàbí kó máa fà á, wáyà náà á sì gba inú páìpù kan níwájú ẹ́ńjìnnì kọjá láti darí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ kébù kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà ti mọ ìdajì rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti ọ̀kadà ń fà nìkan ni, èyí ń fà, ó sì tún ń tì. Níbi títì yẹn ni àlàfo ti ń wọlé, torí wáyà gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ nínú rọ́bà kó tó lè rìn, bí a bá sì ń tì í, á kọ́kọ́ tẹ̀ sínú àyè náà kó tó ti ohunkóhun. Gíríìsì tó gbẹ àti ìpẹtà omi iyọ̀ á tún wá dá kún un.

Pòpẹ́là ní ìjàngbọ̀n tirẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀, tó ń yí sọ́tùn-ún bí a bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀ wò ó, a máa fa sítíárìn sí apá ọ̀tún, àfi bí awakọ̀ bá dì í mú. Agbára tí omi fi ń ti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kì í sì í bá eré lọ ní ọgbọọgba: bí eré bá kúrò ní máìlì 30 tó di 60, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́rin, bó bá di 90, á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Àwọn kan máa ń lo kébù méjì tó ń fa ara wọn láti fi pa àlàfo, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ tó fúyẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí a mú kébù kúrò pátápátá.

Sìríǹjì méjì láti ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì àti rọ́bà dríìpù tó láti fi bí ti ọ́ìlì ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Kí a fa omi dé ìdajì sínú méjèèjì, kí omi kún inú rọ́bà náà, kí a fi so wọ́n pọ̀. Bí a ti ń tẹ ìkan ni èkejì ń jáde lójú ẹsẹ̀, torí omi kì í fún mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ tó tó hóró àgbàdo kan bá há sínú rọ́bà, èyí tí à ń tẹ̀ á wọlé díẹ̀ kí èkejì tó mira. Pọ́ǹpù ẹ̀yìn sítíárìn ni sìríǹjì kìíní, sìlíńdà ara ẹ́ńjìnnì ni èkejì, họ́ọ̀sì méjì ló sì wà láàárín wọn: bí ọ́ìlì ṣe ń gba ọ̀kan lọ ni tí ẹ̀gbẹ́ kejì sìlíńdà ń gba ìkejì bọ̀. Fáàfù inú pọ́ǹpù kì í jẹ́ kí ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ tì padà kọjá. Ọwọ́ awakọ̀ nìkan ló lè ṣí i. Bí awakọ̀ bá tilẹ̀ jọ̀wọ́ sítíárìn, ibi tó fi í sí ló máa wà.

Ìwọ̀n pọ́ǹpù àti sìlíńdà ló ń pinnu bí ọwọ́ yóò ṣe yá tó. Ká ní sìlíńdà gba ọ́ìlì 140 mílílítà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, tí pọ́ǹpù sì ń ti 28 jáde bí a bá yí sítíárìn po lẹ́ẹ̀kan, a ó yí i po lẹ́ẹ̀marùn-ún. Pọ́ǹpù tó ń ti 35 á sọ ọ́ di mẹ́rin, ọwọ́ á yá, ṣùgbọ́n á wúwo sí i. Ẹni tó fẹ́ràn eré a máa sáré yan èyí tó yá, bẹ́ẹ̀ ní eré àsápajúdé, ọwọ́ tó yá jù tún ní ewu tirẹ̀.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni kí a ra pọ́ǹpù tuntun kí a sì fi búṣì inú oríkèé ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ sílẹ̀ lẹ́yìn. Kí a tó ra ohunkóhun, kí ọkọ̀ ṣì wà lórí tírélà rẹ̀, kí ẹnì kan di sítíárìn mú gbọn-in, kí ẹlòmíràn di ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì mú, kí ó máa mì í sọ́tùn-ún sósì, kí ẹni kẹta sì fi ìka lé oríkèé kọ̀ọ̀kan, ìdajì ìka lórí irin kan, ìdajì lórí èkejì. Oríkèé tó bá jẹ ni ìka yóò mọ̀ kí ojú tó rí i. Lára ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú, tó jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ló wà níta, oríkèé tó gbé ẹsẹ̀ náà ni ó sábà máa ń jẹ; ìdí nìyí tí àwọn tó ń sá eré gidi fi ń de sìlíńdà méjì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ níta, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí wọ́n di ẹsẹ̀ náà mú fúnra wọn, tí pọ́ǹpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí, bíi ti ọkọ̀ ilẹ̀, sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Iṣẹ́ síso rẹ̀ kò ní ju sípánà àti sùúrù lọ. Họ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ ṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ ha ara irin. A kì í wé téèpù funfun ti púlọ́ńbà mọ́ ojú ìdè rẹ̀, torí tó bá já sínú ọ́ìlì, á lọ há sínú fáàfù. Nọ́ọ̀tì tó ń ti ara rẹ̀ pa, tí a bá ti tú u, tuntun là ń fi rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló kan yíyọ afẹ́fẹ́, mẹkáníìkì tó ti bílíìdì bíréèkì ọkọ̀ rí l'Ádó-Èkìtì kò sì ní rí i bí ohun àjèjì. Àṣà kan péré ni kó fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: kò gbọdọ̀ da ọ́ìlì bíréèkì sí i, torí á ba ọ́ìlì-síìlì rẹ̀ jẹ́, ọ́ìlì tí ìwé ẹ̀rọ náà dárúkọ nìkan ni. Á dá ìgò ọ́ìlì dé sórí pọ́ǹpù, á tú nọ́ọ̀tì ìyọfẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan lára sìlíńdà, á máa yí sítíárìn sí ọ̀nà tó ń ti ọ́ìlì lọ sí ẹ̀gbẹ́ náà títí ọ́ìlì yóò fi máa jáde láìsí ìfófó, á dè é kó tó jọ̀wọ́ sítíárìn, á sì ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà. Bí sítíárìn bá ṣì rọ̀ bíi tìmùtìmù ní ìpẹ̀kun, afẹ́fẹ́ ṣì kù.

Kó tó dé omi, a ó yí i dé ìpẹ̀kun méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀ àti nígbà tí a gbé e sókè pátápátá, kí a máa wò ó bóyá họ́ọ̀sì ń nà jù tàbí sìlíńdà ń kan ara ọkọ̀. Eré jẹ́jẹ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì tún yẹ ọ́ìlì wò lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, torí afẹ́fẹ́ tó fara pamọ́ sínú họ́ọ̀sì á ti gòkè wá sínú pọ́ǹpù, ọ́ìlì á sì ti wálẹ̀ díẹ̀.