"Wọn Ò Kúkú Gbowó, Ẹ Ṣáà Yìn Wọ́n"

Bí ẹ bá ti yọ̀ǹda ara yín láti máa wo eré àwọn ẹgbẹ́ òṣèré àdúgbò, kí ẹ sì máa ṣe lámèyítọ́ rẹ̀, ó dájú pé ẹ ti gbọ́ ọ: "Wọn ò kúkú gbowó. Tíṣà ni wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Ẹ ṣáà yìn wọ́n." Wọn á tún fi òwe kín in lẹ́yìn: yinni yinni, kẹ́ni ó lè ṣe òmíràn.

Òwe yẹn gan-an ló ta kò wọ́n. Èwo ni ẹni náà fẹ́ tún ṣe, nígbà tí a kò sọ èyí tó ṣe tó dára? Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo kọ ọ́ nípa eré kan pé gbogbo wọn gbìyànjú, eré náà sì dùn gan-an. Ọ̀kan nínú àwọn òṣèré náà rí mi lẹ́yìn náà. Ó dúpẹ́, ó wá rọra bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ tiẹ̀ dúró dé ìparí?" Ojú tì mí. Mo dúró o, àmọ́ kò sí gbólóhùn kan nínú ohun tí mo kọ tó lè jẹ́rìí sí i.

Ẹlẹ́rìí ni òṣèré tí kò gbowó ń wá. Ó ti iṣẹ́ oòjọ́ dé, ó tún ń kọ́ ọ̀rọ̀ sórí lálaalẹ́. Ẹni tó bá rí i pé bàbá inú eré ká lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì kó tó fèsì, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo gbọ̀ngàn ti dákẹ́ rọ́rọ́, ti yìn ín ju ẹni tó pè é ní àràmàǹdà lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àléébù. "Ohùn rẹ̀ kò jáde" dun ni lásán ni, kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: nígbà tó kọjú sí fèrèsé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dé ìlà kẹfà tí mo jókòó sí. Ó lè yíjú díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀ràn tán. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín. Òpin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ irú eré yìí ń lò. Bí ẹ bá fi ọjọ́ mẹ́wàá rò ó, wọ́n lè ti tú ìtàgé palẹ̀.

Ibi tí a ti ń ṣìnà jù ni ká gbé ẹ̀bi ka orí ẹlòmíràn. Apá kìíní gùn, a ní olùdarí ló jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀, eré tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, ẹgbẹ́ máa ń sanwó kí wọ́n tó lè ṣe é ni, àdéhùn náà kì í sì í sábà gbà kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ kúrò láìgbàṣẹ. Ti òǹkọ̀wé nìyẹn. Ti olùdarí ni òkùnkùn tó wà láàárín ìran kan sí òmíràn. Mo máa ń ka ìṣẹ́jú àáyá níbẹ̀. Bí mo bá ti kà dé ogójì, tí mo ṣì ń gbọ́ ìró àga tí wọ́n ń wọ́ kiri, eré ti ń tutù nìyẹn, bí òṣèré tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe bí idán.

Ní 1821, Goethe, òǹkọ̀wé ará Jámánì, ń gbèjà eré kan tí Manzoni ará Ítálì kọ, ó sì la ìbéèrè mẹ́ta kalẹ̀: kí ni òǹkọ̀wé náà gbèrò láti ṣe? Ṣé èrò náà bọ́gbọ́n mu? Báwo ló ṣe ṣe é yanjú tó? Ìwọ̀n yẹn tọ́ sí ẹgbẹ́ tó fi páálí kọ́ ààfin. Ẹ má fi wọ́n wé ilé eré ńlá tó ní ẹ̀rọ. Ẹ wò ó bóyá a gbàgbé pé páálí ni nígbà tí ọba wọlé.

Àwọn kan tún gbà pé láìrí àléébù mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò ní gbà wọ́n gbọ́. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Bí àbúrò yín bá wà nínú eré, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn kọ. Bó bá jẹ́ ọmọdé ló ṣì í, ẹ má dárúkọ rẹ̀. Ẹ sì mú ìwé ètò lọ sílé: orúkọ ẹni tó ń tan iná wà níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ orúkọ àwọn tó yá wọn ní àga.