Ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé nígbà tí ìgbà ooru bá ń kásẹ̀ nílẹ̀

Kò sí ohun ọ̀gbìn tó ń so nítorí kí ènìyàn lè rí nǹkan sè. Irúgbìn ni ó ń wá. Bí irúgbìn inú èso àkọ́kọ́ bá ti gbó dáadáa, ohun ọ̀gbìn náà ti ṣe ohun tó wá ṣe, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn nínú títanná. Orí èyí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọgbà ẹ̀yìnkùlé dúró lé ní ìparí ìgbà ooru, ìyẹn láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án ní ìhà àríwá ayé, àti láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta ní ìhà gúúsù. Ohun ọ̀gbìn ń sáré kí irúgbìn rẹ̀ lè gbó. Olọ́gbà ń dá a dúró kí ìkórè má baà tètè tán.

Ara ilá la ti ń rí èyí jù. Òdòdó rẹ̀ máa ń là ní òwúrọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti rọ; nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ 4 sí 6 lẹ́yìn náà, ilá ti tó já. Ní àkókò yìí, bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ ṣóńṣó rẹ̀, yóò ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Èyí tó bá ti kó yóò kàn tẹ̀ ni, kò ní ṣẹ́, irúgbìn inú rẹ̀ sì ti ń le. Nítorí náà, lọ́jọ́ méjì méjì ló yẹ kí a máa já ilá, kùkúńbà àti ẹ̀wà tí a ń jẹ pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kí a sì máa ṣí ewé wò dáadáa, torí pé kùkúńbà kan ṣoṣo tó fara pamọ́ sábẹ́ ewé títí tó fi pọ́n lè mú kí gbogbo ìtàkùn náà dẹwọ́ nínú síso. Kódà bí èyí tó ti gbó jù kò bá ṣeé jẹ mọ́, kí a já a kúrò lára ìtàkùn. Tẹ̀tẹ̀ náà kò yàtọ̀: bí a bá ń gé orí rẹ̀ kí ó tó yọ òdòdó, yóò pẹ̀ka láti ìsàlẹ̀, bí òdòdó bá ti yọ, ewé tó ń hù yóò máa kéré sí i.

Ọ̀rọ̀ omi ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ewé tó ti tóbi tán ní àkókò yìí ń mí omi jáde láti inú àwọn ihò tíntìntín tó wà lára rẹ̀, bí oòrùn bá sì ṣe mú tó ni omi tó ń jáde ṣe ń pọ̀ tó. Ebè ẹ̀fọ́ tó fẹ̀ ní mítà 1 níbùú àti mítà 1 lóròó ń fẹ́ nǹkan bí lítà omi 25 ní ọ̀sẹ̀ kan, ti òjò wà nínú rẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ooru bá le. Ṣùgbọ́n iye omi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń rin ojú ilẹ̀ lásán. Gbòǹgbò yóò gòkè wá bá ọ̀rinrin náà, oòrùn ọ̀sán yóò sì bá a níbẹ̀. Ó sàn kí a bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí omi náà wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ìka ọwọ́ ni òṣùwọ̀n tó dára jù: kí a tì í bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Ojú ilẹ̀ lè gbẹ táútáú kí ìsàlẹ̀ ṣì tutù, bẹ́ẹ̀ ni ojú ilẹ̀ lè rin kí ìsàlẹ̀ gbẹ. Ewé tó rọ ní ọ̀sán tó sì gbérí ní ìrọ̀lẹ́ ń sá fún ooru ni. Èyí tó bá ṣì rọ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló yẹ kó kó ni láyà sókè.

Bí omi bá ń pọ̀ lónìí tó sì ń gbẹ lọ́la, tòmátì ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Inú omi ni kálísíọ̀mù, èròjà inú ilẹ̀ tí èso nílò, ti ń rìn láti ilẹ̀ dé èso, ewé ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà. Nígbà tí omi bá wọ́n, ìdí èso tó jìnnà jù kò ní rí kálísíọ̀mù gbà, yóò dúdú, yóò sì tẹ̀ wọnú bí awọ tó gbẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé àrùn ni, wọ́n á máa fín oògùn tí kò lè ṣe nǹkan kan sí i, nígbà tó jẹ́ pé omi tó ń dé déédéé ni ìwòsàn rẹ̀. Omi tí kò dé déédéé yìí kan náà ló ń fa kí èso là: èèpo rẹ̀ ti le nígbà ọ̀dá, òjò ńlá wá dé lójijì, inú wú, èèpo kò sì lè nà mọ́.

Koríko gbígbẹ tí kò ní irúgbìn tàbí ewé tó ti rẹ̀ dànù, tí a tẹ́ sórí ebè ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, ń dín gbogbo wàhálà yìí kù. Kò ní jẹ́ kí oòrùn fa omi ilẹ̀ tán, kò sì ní jẹ́ kí òjò ta ẹrẹ̀ tó ní àrùn sí ewé ìsàlẹ̀. Kí a má jẹ́ kó kan ìdí igi ẹ̀fọ́, nítorí ìdí tó bá ń rin ṣáá yóò jẹrà. Òwúrọ̀ ni kí a máa bomi rin ọgbà, ìdí ni kí a sì máa dà á sí.

Bí ọ̀sán bá gbóná ju nǹkan bí 32°C lọ fún ọjọ́ púpọ̀, òdòdó tòmátì yóò máa rẹ̀ dànù láìso. Ajílẹ̀ kò lè wo èyí sàn, sùúrù ni. Bí ooru bá ju 30°C lọ, àwọ̀ pupa inú èso kì í jáde dáadáa, èso á kàn dúró sí àwọ̀ ọsàn. Kí a já a nígbà tí ojú rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, kí a gbé e síbi tó tutù díẹ̀ nínú ilé. Yóò pọ́n tán níbẹ̀.

Ewé kùkúńbà àti elégédé máa ń bu funfun bíi pé a da ìyẹ̀fun sí i ní àkókò yìí. Kí a gé èyí tó bá burú jù, kí a má sì dà á sínú òkìtì ajílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò ọjọ́. Òdòdó tòmátì tó là lónìí nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí èso rẹ̀ tó pọ́n. Níbi tí òtútù ti ń sọ ìrì di yìnyín, a máa ń gé orí igi náà ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú òtútù náà, kí oúnjẹ inú rẹ̀ lè lọ sára èso tó ti wà nílẹ̀. Àyè tó bá ṣófo ṣì wúlò fún ohun tó ń yá, bíi rádíìṣì, ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀, tó ń tó wú láàárín ọjọ́ 25 sí 30, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí a fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kún un, nítorí ojúmọmọ ti ń kúrú. Lẹ́tíùsì ló nílò ọgbọ́n. Bí ilẹ̀ bá gbóná jù, irúgbìn rẹ̀ yóò sùn, kò ní hù, omi ì báà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí a gbìn ín, kí a bomi rin ín, kí a gbé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé orí ebè kí oòrùn má baà kàn án, kí a máa ṣí i wò láràárọ̀, kí a sì gbé pákó náà kúrò ní ọjọ́ tí ewé àkọ́kọ́ bá yọ gan-an.