Kí ló dé tí wọ́n fi kó agbọ́n láti Paraguay wá sínú oko ẹ̀gẹ́ wa?

Mo gbọ́ pé agbọ́n ló gba ẹ̀gẹ́ là nílẹ̀ Áfíríkà. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ tú u sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kékeré kan yọ lára ẹ̀gẹ́ ní agbègbè odò Kóńgò, ara rẹ̀ funfun bíi pé wọ́n bu láfún lé e. Ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ló máa ń jókòó sí, tí á máa fa omi ara rẹ̀ mu. Itọ́ rẹ̀ ní oró: ewé á ká jọ, oríkèé á sún mọ́ ara wọn, igi kò ní ga mọ́, ẹ̀gẹ́ kò sì ní ta. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń le jù, torí òjò máa ń fọ̀ ọ́ dànù. Àwọn ará Kóńgò ń fi ewé ẹ̀gẹ́ se ọbẹ̀, pondu ni wọ́n ń pè é, nítorí náà ọbẹ̀ lọ, òkèlè náà lọ. Kó tó di ọdún 1980, ó ti wọ Nàìjíríà àti Benin. Níbi tó ti le gan-an, ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìkórè ló ń bá a lọ.

Ṣebí wọn ì bá kàn fín oògùn sí i?

Ta ni yóò ra oògùn náà? Ẹ̀gẹ́ ni ẹni tí kò lówó ajílẹ̀ máa ń gbìn, ó sì ń pẹ́ tó ọdún kan nínú ilẹ̀. Kòkòrò yìí tún máa ń sá pamọ́ sínú ewé tó ká jọ. Èyí tó wá burú jù ni pé abo ni gbogbo wọn. Wọn kò nílò akọ rárá. Ẹyọ kan péré tí oògùn bá fò, á yé ẹyin ọgọ́rọ̀ọ̀rún, oko á tún kún.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe wá dé Paraguay?

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa látilẹ̀wá. Àwọn Potogí ló gbé e wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí irínwó ọdún ṣáájú kí kòkòrò yìí tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ àwọn tó ń pa kòkòrò náà jẹ nílé kò bá a wá. Hans Herren, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní IITA, ibùdó ìwádìí ohun ọ̀gbìn tó wà n'Íbàdàn, ló darí ètò láti wá wọn rí.

Ìhà àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ wá a dé. Wọ́n rí kòkòrò tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀tá tiyẹn kò ṣe tiwa ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n rí i pé èyí ní akọ, ó sì ní abo. Irú ọ̀tọ̀ ni! Ọdún 1981 ni Tony Bellotti, tó ń ṣiṣẹ́ ní CIAT, ibùdó ìwádìí ohun ọ̀gbìn ní Kòlóńbíà, tó rí tiwa gan-an ní Paraguay, pẹ̀lú agbọ́n tó ń pa á.

Agbọ́n náà kò tó mìlímítà méjì, kì í sì í ta èèyàn. Yóò gún kòkòrò náà, yóò yé ẹyin sí i nínú. Ìdin tó bá pa níbẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́ láti inú wá, títí kòkòrò á fi gbẹ, tí á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọmọ agbọ́n á wá gé ihò roboto sí i lára, á sì jáde. Wọ́n kọ́kọ́ há a mọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àyẹ̀wò, kó má baà kó nǹkan mìíràn wọlé, kó tó dé Ìbàdàn lọ́dún 1981 kan náà.

Tó bá jẹ kòkòrò yìí tán, ṣé kò ní kọjú sí ohun ọ̀gbìn wa?

Kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdin rẹ̀ kì í jẹ ewé tàbí èso. Bí kòkòrò bá dín kù, agbọ́n náà á dín kù. Bó bá tún fẹ́ gbérí, agbọ́n á pọ̀ sí i. Àwọn méjèèjì ṣì wà lóko báyìí, níwọ̀nba.

Kí ló wá kan àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká?

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Agbọ́n kì í béèrè ìwé ìrìnnà ní Sẹ̀mẹ̀. Bí Nàìjíríà bá tú u sílẹ̀, Benin náà ti gbà á nìyẹn, nítorí náà orílẹ̀-èdè kan kò lè dá a pinnu. Wọ́n ní láti gbàṣẹ, wọ́n ní láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ kan dé òmíràn, IITA sì dá ibùdó sílẹ̀ lẹ́bàá Kútọnu fún irú iṣẹ́ yìí. Agbọ́n náà tàn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní ogún, àgbẹ̀ kankan kò sì san kọ́bọ̀. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize lọ́dún 1995. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé nígbà tí kòkòrò yìí dé Thailand lọ́dún 2008, Benin ni wọ́n ti kó agbọ́n ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ṣé ẹ̀gẹ́ wa ti bọ́ nìyẹn?

Rárá o. Àrùn kan wà ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà tó ń mú kí inú ẹ̀gẹ́ pọ́n, kó le, kó sì jẹrà, nígbà tí igi àti ewé rẹ̀ lè máa dán lókè. Tànsáníà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Ó ti dé Ùgáńdà àti ìlà oòrùn Kóńgò. Fáírọ́ọ̀sì ni, agbọ́n kò rí i ṣe. Eṣinṣin funfun ń gbé e, ṣùgbọ́n igi ẹ̀gẹ́ tí èèyàn dì sẹ́yìn ọkọ̀ ló ń gbé e rìnnà jíjìn. Ètò WAVE, tí olú ibùdó rẹ̀ wà ní Côte d'Ivoire, ti kó àwọn onímọ̀ láti Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gánà àtàwọn mìíràn jọ láti máa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin náà lè bá wọn ṣọ́ ọ. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé igi ẹ̀gẹ́ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àyẹ̀wò. Bí ẹ bá sì bẹ́ ẹ̀gẹ́ tuntun tí ẹ rí i pé inú rẹ̀ ti pọ́n, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ fi han òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ má sì fún aládùúgbò kankan ní igi rẹ̀ gbìn.