Ta Ló Ni Ewu Inú Iṣẹ́?

Bí mo bá wọ iléeṣẹ́ kan fún ìgbà àkọ́kọ́, mo máa ń béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ ààbò, ìlera àti àyíká wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń nàka sí: sẹ́fítì, ẹni tó ń pín akoto. Ọkàn mi kì í balẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ènìyàn ló ni ewu inú iṣẹ́ náà. Tiwa tí à ń ṣe iṣẹ́ ààbò ni ká kọ́ ọ, ká bá a yẹ̀ ẹ́ wò, ká sì dá iṣẹ́ dúró bí ó bá burú.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọdún 1988, níbi ìwapo Piper Alpha lórí Òkun Àríwá, nítòsí Scotland, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán tú fáàfù ààbò kan kúrò lára páǹpù láti tún un ṣe, wọ́n fi irin dí ojú ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, iṣẹ́ ò tíì parí. Páǹpù kejì kọṣẹ́ lóru, àwọn tó gbaṣẹ́ sì tan ti àkọ́kọ́. Gáàsì tú jáde, ó gbiná. Ènìyàn 167 ló kú. Ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́, tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ sílẹ̀, wà o! Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò dé etí àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gan-an, kí wọ́n jọ wo ohun tó wà ní títú. Kí àgádágodo wà níbi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò ẹni tó ń tún un ṣe.

Akoto, ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, ìgbẹ̀yìn ló yẹ kí wọ́n dé. Ká ní kẹ́míkà tí a fi ń fọ irin ń ta òṣìṣẹ́ nímú. Ṣé iṣẹ́ náà lè ṣeé ṣe láìlò ó? Ṣé omi ọṣẹ ò lè rọ́pò rẹ̀? Bí kò bá lè ṣe é, kí ẹ̀rọ máa fa òórùn náà kúrò níbi tó ti ń jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbomú, nítorí bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà á. Kẹ́míkà yìí kan náà ló sì ń ṣàn gba gọ́tà dé odò. Abájọ tí àjọ ISO, tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún iléeṣẹ́ káàkiri ayé, fi ṣètò ìlànà ISO 14001 ti àyíká àti ISO 45001 ti ìlera àti ààbò bákan náà, kí iléeṣẹ́ lè bójú tó wọn pọ̀.

Iléeṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ pé nǹkan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe òun ni mo ń bẹ̀rù jù. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹnì kan sọ ọ́ rí, wọ́n sì bú u. Bí òṣìṣẹ́ bá wá sọ pé àkàbà ń mì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì gbé àkàbà náà kúrò lọ́jọ́ náà gan-an.