Ọwọ́ Edwin S. Porter nínú The Great Train Robbery

The Great Train Robbery ni fíìmù kọ́bọ́ì tí ò ní ohùn tí Edwin S. Porter darí lọ́dún 1903 fún kọ́ńpìnì Thomas Edison, kò ju bíi ìṣẹ́jú 12 lọ. Ìtàn àwọn adigunjalè tó dá rélùwéè lọ́nà ní Ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni, àmọ́ New Jersey lápá ìlà-oòrùn ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Nígbà yẹn, ojú kan ni kámẹ́rà sábà máa ń wà, bíi ti ẹni tó jókòó síwájú ìtàgé. Porter náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé, wàá rí gbogbo èèyàn látorí dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti bọ́ síta ọwọ́ ẹ̀ máa ń yí padà. Ó gbé kámẹ́rà sórí rélùwéè tó ń sáré níbi tí olè kan àti òṣìṣẹ́ rélùwéè ti ń jà lórí òkìtì èédú tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, olè náà lu òṣìṣẹ́ yẹn ṣubú, wọ́n wá dá kámẹ́rà dúró, wọ́n fi ọmọláńgidi rọ́pò ẹ̀ kí wọ́n tó jù ú sílẹ̀. Nígbà táwọn olè sì bọ́ọ́lẹ̀ tí wọ́n gba inú igbó lọ, kámẹ́rà yíjú tẹ̀ lé wọn.

Ibi tí ọgbọ́n Porter ti hàn jù ni bó ṣe to ìtàn náà. Àwọn olè ti sá lọ tán, ló bá tún gbé wa padà sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tẹ wáyà, akọ̀wé tí wọ́n dè látìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ọmọ ẹ̀ obìnrin wọlé, ó gé okùn, ó da omi sí i lójú. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n kọ sójú fíìmù láti ṣàlàyé, òǹwòran fúnra ẹ̀ ló máa mọ̀ pé báwọn yẹn ṣe ń sá lọ lèyí ń ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣọ̀wọ́n gan-an nìyẹn lọ́dún 1903.

Rélùwéè tó ń kọjá lójú fèrèsé ọ́fíìsì yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ya àwòrán lé ara wọn kó tó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún fi ọwọ́ kun èéfín ìbọn láwọ̀ nínú àwọn ẹ̀dà kan.

Àwòrán kan dá dúró lọ́tọ̀, ẹni tó ń fi fíìmù hàn lè fi síbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí, bó bá ṣe wù ú: Justus D. Barnes, tó ṣe ọ̀gá àwọn olè, ló kún ojú fíìmù látàyà dé orí, ó na ìbọn sí òǹwòran gan-an, ó sì yìn ín.