Bí wọ́n ṣe ń fi sítírẹ́ṣà gbé ẹni tó fara pa láìdá kún ìpalára rẹ̀

Bí ọkọ̀ bá gbókìtì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àwọn awakọ̀ tó ń kọjá, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ló sábà máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Àánú ló ń ṣe wọ́n. Ẹnì kan á di apá mú, ẹnì kejì á di ẹsẹ̀ mú, orí á máa fì dirodiro, wọ́n á sì ká onítọ̀hún sẹ́yìn ọkọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn lè ti burú ju bí jàǹbá náà ṣe fi í sílẹ̀ lọ.

Eegun 7 ló to léra wọn ní ọrùn èèyàn, okùn iṣan tó so ọpọlọ mọ́ ara yòókù sì gba àárín wọn kọjá. Eegun lè ti kán kí okùn yìí má tíì já. Ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ́jọ́ iwájú, bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i lọ́rùn. Ìdí nìyí tí sítírẹ́ṣà fi wà: kí orí, ọrùn, ẹ̀yìn àti ìbàdí wà lórí ìlà kan náà láti ilẹ̀ títí dé ọsibítù.

Bí iná ò bá ń jó, tí epo ò dà sílẹ̀, tí wọ́n sì ti já ewé tútù sójú ọ̀nà kí ọkọ̀ mìíràn má baà ya lù wọ́n, ohun tó dáa jù ni kí wọ́n má gbé e rárá. Kí wọ́n fi aṣọ tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú, kí wọ́n máa wò ó bóyá ó ń mí, kí wọ́n sì pe 122 fún ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tàbí 767 tàbí 112 l'Ékòó. Bí iná bá ti ń bọ̀, kò sí àkókò mọ́: wọ́n á di aṣọ rẹ̀ mú níbi èjìká, wọ́n á jẹ́ kí orí rẹ̀ sinmi láàárín apá wọn, wọ́n á sì wọ́ ọ lọ gbọọrọ, láìyà sápá kan.

Bí ó bá di dandan láti gbé e sórí pákó sítírẹ́ṣà, ẹnì kan á kúnlẹ̀ níbi orí, á fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú ṣinṣin, kò sì ní fi í sílẹ̀ títí wọn yóò fi so ó. Òun ni ọ̀gá, ì báà jẹ́ òun ló kéré jù níbẹ̀. Èyí ló nira jù nílẹ̀ wa, torí gbogbo ẹni tó dúró yí wọn ká ló máa ń pàṣẹ. Ẹni mẹ́ta yòókù á kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Èkíní á di èjìká àti ìbàdí mú, èkejì á di ìbàdí àti itan, ẹ̀kẹta á di orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀gá á ka "ení, èjì, ẹ̀ta", wọ́n á sì yí i sọ́dọ̀ ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlòmíràn á yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ojú ọgbẹ́ wà níbẹ̀, á ti pákó wọlé, wọ́n á tún kà kí wọ́n tó dá a padà. Sítírẹ́ṣà kan tún wà tó ń là sí méjì ní gígùn. Wọ́n á ti ìlàjì kọ̀ọ̀kan wọ abẹ́ rẹ̀ láti ọ̀tún àti òsì, wọ́n á sì pa wọ́n dé, débi pé ara ò ní yí ju díẹ̀ lọ.

Àyà ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi bẹ́líìtì dè, lẹ́yìn náà ìbàdí, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀. Orí ló kẹ́yìn. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ de orí, tí ara bá wá yọ̀, ọrùn ló máa lọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ tú u, orí ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú.

Ẹsẹ̀ aláìsàn ló ń ṣíwájú lójú ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹni tó wà níbi orí lè máa wo ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, orí ló ń ṣíwájú. Àwọn tó gbé e ò gbọdọ̀ máa gbẹ́sẹ̀ bákan náà bíi ti ṣọ́jà, torí sítírẹ́ṣà á máa fì. Bí ó bá fẹ́ bì, odindi pákó ni wọ́n ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá jẹ́ aboyún tí oyún rẹ̀ ti ju oṣù márùn-ún lọ, wọ́n á ká ìró sábẹ́ pákó lápá ọ̀tún kó lè tẹ̀ díẹ̀ sí òsì, kí ọmọ má baà tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń padà sọ́kàn.

Níbi tí kò bá sí sítírẹ́ṣà, ilẹ̀kùn pákó tó le dára ju bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ọ̀pá méjì lọ fún ẹni tí wọ́n ń fura sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì á tẹ̀ kọ́rọ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá lò, kí ẹni tí ara rẹ̀ le kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ lé e, kí wọ́n gbé e wò.

Òfin ìlera ti ọdún 2014 sọ pé ọsibítù kankan ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì. Tí wọ́n bá débẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ lórí pákó láìpẹ́, torí pákó líle máa ń dá egbò sí ẹ̀yìn àti ìdí. Kí ẹni tó di orí mú sọ fún nọ́ọ̀sì ìgbà tí jàǹbá ṣẹlẹ̀, bóyá onítọ̀hún dákú, àti bóyá ó mi ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e.