Ìwọ̀n agbára òòfà àti ìrísí pílánẹ́ẹ̀tì

Ìwọ̀n agbára òòfà ni iṣẹ́ tí a ń fi ẹ̀rọ ṣe láti mọ bí ayé, pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn tàbí Òṣùpá ṣe ń fa nǹkan mọ́ra tó ní ojú ibì kan. Òòfà yìí kì í ṣe irú èyí tó ń fa abẹ́rẹ́. Èyí tó ń mú kí mángòrò tó já lórí igi wá sílẹ̀ ni. Kò dọ́gba káàkiri. Ibi tó ti pọ̀ àti ibi tó ti dín ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ bí pílánẹ́ẹ̀tì ṣe rí àti ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá tí nǹkan fi ń já bọ́ láyé, eré rẹ̀ ń lé sí i ní nǹkan bíi mítà 9.8 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí ìlà agbedeméjì ayé, iye náà jẹ́ 9.780, ní òpin àríwá àti gúúsù ó jẹ́ 9.832. Ìwọ̀ oòrùn Kogí, ilẹ̀ àwọn Òkun, wà nítòsí ìwọ̀n digírì 8 sí àríwá ìlà yìí, nítorí náà iye tirẹ̀ kò jìnnà sí 9.78, nígbà tí ti London jẹ́ 9.81. Bí a bá gbé àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50 láti Ọbàjànà dé London, tí a sì fi òṣùwọ̀n onísípíríǹgì kan náà wọ̀n ọ́n níbi méjèèjì, yóò fi nǹkan bíi gíráàmù 160 lé sí i lọ́hùn-ún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu nǹkan kún un. Òṣùwọ̀n alápá méjì kò lè rí ìyàtọ̀ yìí, torí bí ayé ṣe ń fa ẹrù náà ló ń fa òkúta ìwọ̀n.

Aago ló kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Ní 1672, Jean Richer, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Faransé, gbé aago kan láti Paris lọ sí Cayenne ní Gúúsù Amẹ́ríkà, nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, irú èyí tí irin ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú rẹ̀. Aago náà ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ falẹ̀ lójoojúmọ́, torí òòfà tó dín níbẹ̀ ń mú kí irin náà fì lọ́ra. Isaac Newton ṣàlàyé ní 1687 pé yíyí tí ayé ń yí ló mú kó yọ ìbàdí, ìyẹn ni pé ó wú ní agbedeméjì. Àwọn kan ní Faransé kò gbà. Wọ́n ní ńṣe ló gùn lókè àti nísàlẹ̀. Wọ́n rán ikọ̀ kan lọ sí agbègbè tó di Ecuador lónìí ní 1735, òmíràn sí Lapland ní àríwá Yúróòpù ní 1736, láti fi okùn àti irinṣẹ́ wọn ilẹ̀. Newton ló jàre. Láti àárín ayé dé ìlà agbedeméjì fi nǹkan bíi kìlómítà 21 gùn ju láti àárín dé òpin àríwá lọ.

Lóde òní, mílígáàlì ni wọ́n fi ń ka ìyàtọ̀ kéékèèké, orúkọ tí wọ́n mú lára ti Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì. Mílígáàlì kan kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù agbára òòfà ayé lọ. Bí a bá gbé ẹ̀rọ sókè ní mítà kan péré, iye tó ń kà yóò dín ní nǹkan bíi mílígáàlì 0.3. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ gun òkè Agbaja nítòsí Lọ́kọ́ja gbọ́dọ̀ mọ gíga ibi tó dúró sí dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkè ni yóò wọ̀n, kì í ṣe ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Oríṣi ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò pọ̀. Ti sípíríǹgì, tí Lucien LaCoste sọ di ohun tó jinlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ń fi ibì kan wé ibòmíràn. Òmíràn ń ju dígí kan sílẹ̀ nínú agolo tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, lésà sì ń ka bó ṣe ń já bọ́. Láti 1991 ni Mark Kasevich àti Steven Chu ti fi hàn pé átọ̀mù tí lésà mú tutù gan-an lè ṣe iṣẹ́ dígí náà.

Ìwọ̀ oòrùn Kogí dára fún irú iṣẹ́ yìí nítorí òkúta oríṣi méjì ló pàdé níbẹ̀. Ní Yàgbà àti Kàbà, òkúta líle àtayébáyé ló wà nísàlẹ̀. Bí a bá ń lọ sí apá Lọ́kọ́ja, a ó bá òkúta oníyanrìn Bida pàdé, òkè Agbaja sì ní irin nínú. Òkúta oníyanrìn fúyẹ́ ju òkúta líle lọ, nítorí náà ibi tó bá ti nípọn, òòfà ń dín. Irin ń mú un pọ̀. Àmọ́ ohun kékeré tó wà nítòsí àti ohun ńlá tó jìn lè fún wa ní iye kan náà, lílu ihò sínú ilẹ̀ ló sì ń yanjú rẹ̀. Wúrà tí wọ́n ń wà ní agbègbè Ìsánlú kò ṣeé fi ọ̀nà yìí rí tààrà, torí iṣan rẹ̀ tín-ín-rín jù.

Sátẹ́láìtì ń wo ibi tó gbòòrò. GRACE, tó gbéra ní 2002 tó sì ṣiṣẹ́ títí di 2017, jẹ́ méjì tó ń tẹ̀lé ara wọn ní nǹkan bíi kìlómítà 220. Tí èyí iwájú bá dé orí ibi tó wúwo, á sáré díẹ̀, àlàfo wọn á sì yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe ń pọ̀ tàbí dín nínú gbogbo àfonífojì odò Ọya. Ojú wọn kò mú tó láti dá Lọ́kọ́ja nìkan yà sọ́tọ̀, torí láti Ẹ̀gbẹ̀ dé ibẹ̀ kò tó kìlómítà 200, ibi tó gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń rí. GOCE, tó ṣiṣẹ́ láti 2009 sí 2013, fò nísàlẹ̀ gan-an ní nǹkan bíi kìlómítà 255. Ó ya àwòrán ojú omi òkun bí yóò ṣe rí bó bá dákẹ́ tó sì gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Ìlà ojú omi yìí ni omi tó ń ṣàn ń tẹ̀lé, kì í ṣe gíga tí GPS ń sọ, wọ́n sì lè fi ju mítà mẹ́wàá yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá fẹ́ gbé páìpù omi kọjá láàárín àwọn òkè Bùnú kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan ṣe èkejì.

Lọ́nà kan náà, GRAIL, sátẹ́láìtì méjì, yí Òṣùpá ká ní 2012. Juno, sátẹ́láìtì tó dé pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà ní 2016, kò ní ìkejì tó ń tẹ̀lé e. Ìró rédíò tó ń rán wá sáyé ni wọ́n ń gbọ́, bó bá yí díẹ̀, a jẹ́ pé eré rẹ̀ ti yí. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé ìjì ojú Júpítà wọ inú rẹ̀ lọ tó nǹkan bíi kìlómítà 3,000.